Olóhùn Kànga

Èéfín ti ń rú lára ṣẹ́ẹ̀tì olùkọ́ kí alágbàfọ̀ tó rántí pé áyọ́ọ̀nù ṣì wà lọ́wọ́ òun. Síbẹ̀ kò gbé e kúrò. Rédíò tó wà lórí pẹpẹ ló tẹjú mọ́, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ohùn obìnrin kan ló jáde láti inú rédíò náà, ohùn tó mú, tó já geere, tó ń sáré lórí ìlù bí ẹni tí ẹ̀rín fẹ́ pa. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dá orin dúró, tí atọ́kùn ètò sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì.

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin olùgbọ́ wa. Ẹnjiníà wa tuntun ló fi àwo náà sáré. Ó yá, Olóhùn Kànga gan-an nìyí, bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n."

Àwo náà tún bẹ̀rẹ̀. Ohùn ọkùnrin ló jáde lọ́tẹ̀ yìí, ó nípọn, ó jìn, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ bí ẹni tó ru àpò sìmẹ́ńtì. Ṣùgbọ́n orin kan náà ni. Orin kan náà gan-an ni.

Alágbàfọ̀ gbé áyọ́ọ̀nù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ihò tó wà lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀tì náà fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Kò tilẹ̀ wò ó. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀ tó jókòó nídìí tábìlì, tó ń rán bọ́tìnnì mọ́ kóòtù oníbàárà kan.

"Màámi, ẹ̀yin nìyẹn."

Ìyá rẹ̀ fi eyín gé òwú. "Aṣọ olùkọ́ ti jóná."

"Mo ní ẹ̀yin nìyẹn! Ohùn tí ẹ fi máa ń pè mí wọlé nígbà tí mo wà ní kékeré nìyẹn. Ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni?"

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e sáfẹ́fẹ́."

Ọdún mẹ́rin nìyẹn. Ọdún mẹ́rin gbáko ni tìyá-tọmọ ti ń gbọ́ ètò yìí nínú ṣọ́ọ̀bù, láti aago méjì sí aago mẹ́rin ọ̀sán gbogbo Sátidé. Àgbà Àwo ni gbogbo ìlú ń pe atọ́kùn ètò náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa wá orin tó gbajúmọ̀ níbòmíràn rí ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni níhìn-ín kò gbọ́ rí: orin tí àwọn awakọ̀ ń gbọ́ ní ìlú olókè kan, orin ijó àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ òwú, orin ìfẹ́ tí ọmọ ìyá mẹ́ta gbà sílẹ̀ nínú gáréèjì bàbá wọn. Alágbàfọ̀ kì í rìnrìn àjò. Àárín omi ọṣẹ àti áyọ́ọ̀nù ni ayé rẹ̀ wà, ètò yìí ló sì ń gbé e kiri ayé. Nínú gbogbo àwọn olórin wọ̀nyẹn, Olóhùn Kànga ló fẹ́ràn jù. Apẹja ni, gẹ́gẹ́ bí atọ́kùn ṣe wí, láti erékùṣù kan tó jìnnà. Ó kọ orin kan ṣoṣo láyé rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, òkun sì gbé e mì. Ó ní ọjọ́ tí alágbàfọ̀ sunkún nítorí apẹja náà, tó sunkún débi pé omi ojú rẹ̀ ń kán sórí aṣọ tó ń lọ̀.

"Ẹ mọ̀, ẹ ò sì sọ nǹkan kan!"

"Ta ni kí n sọ fún?" ni ìyá rẹ̀ wí, kò sì gbójú sókè kúrò lára kóòtù.

Lójú alágbàfọ̀, ohun tí ìyá rẹ̀ ń sọ ni pé kò sí ẹni tó máa fetí sí òun ní ilé iṣẹ́ rédíò. Ìbínú tó ti wà nínú rẹ̀ wá gbaná. Kò bọ́ aṣọ iṣẹ́ tó so mọ́ ìdí. Ó ti ilẹ̀kùn, ó sì kọjú sójú títì.

Ó ń lọ, ó ń dá sọ̀rọ̀, àwọn èèyàn sì ń yà fún un. Ó mọ̀ pé ìyá òun kọrin rí. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni ìyá rẹ̀ nígbà náà, ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti wá, wọ́n gba orin rẹ̀ kan sílẹ̀, wọ́n sì fún un ní àwo méjì pé kó mú lọ sílé. Nígbà tí ogun lé wọn kúrò níbẹ̀, alágbàfọ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta àti àpò kan ṣoṣo ló rí gbé. Àwo méjèèjì ṣẹ́ kù sẹ́yìn. Gbogbo ohun tí alágbàfọ̀ mọ̀ nípa orin náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àfi kí ọkùnrin kan lọ rí òmíràn rà níbì kan, kó wá sọ ìyá rẹ̀ dọkùnrin! Ó sọ ọ́ dọkùnrin, ó pa á, ó rì í sómi, ó tún ń ṣèdárò rẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Ìwọ̀sí wo ló tún kù?

Ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ rédíò dìde. "Ẹ ní àdéhùn pẹ̀lú wọn ni?"

"Àwọn ló ní àdéhùn pẹ̀lú mi. Wọn ò kàn tíì mọ̀ ni."

Ẹ̀ṣọ́ wo ojú rẹ̀, ó wo aṣọ iṣẹ́ tó rin gbingbin fún omi, ó sì ṣí géètì. Èèyàn tó gbọ́n ni.

Orin gígùn kan ló wà lórí afẹ́fẹ́ lákòókò náà, atọ́kùn sì ti jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wá mu omi. Ọkùnrin kúkúrú kan ni, orí rẹ̀ ti pá, súwẹ́tà ara rẹ̀ sì ti lu ní ìgbọ̀nwọ́. Bí kì í bá ṣe pé ó lanu bá ẹnjiníà sọ̀rọ̀, tí ohùn rédíò náà jáde, alágbàfọ̀ ì bá kọjá lára rẹ̀ láìmọ̀.

"Ẹ̀yin ni Àgbà Àwo?"

"Èmi ni, arábìnrin. Ẹ káàbọ̀."

"Ta ló sọ fún yín pé apẹja ni Olóhùn Kànga?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìwé ara àwo náà ti ya, kò sí orúkọ níbẹ̀. Àwọn olùgbọ́ sì fẹ́ mọ nǹkan kan nípa ẹni tí wọ́n ń gbọ́. Mo wá wá ìtàn kan sí i."

"Irọ́ lẹ wá sí i."

Ẹnjiníà tuntun yọjú láti ẹnu ilẹ̀kùn. Obìnrin ni, kò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀, ó sì ti gbọ́ orúkọ Olóhùn Kànga. "Bóyá tèmi ni wọ́n bá wá, ọ̀gá. Ẹ má bínú, mà. Àwo kékeré ni. Níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́, àwo ńlá ló ń lọ jẹ́jẹ́, àwo kékeré ló ń sáré. Bí mo ṣe rí i ni mo ṣe yan eré rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé èyí yàtọ̀."

"Kò yàtọ̀," ni atọ́kùn wí.

Alágbàfọ̀ rò pé etí òun ló ń tan òun jẹ. "Ẹ tún un sọ."

"Kò yàtọ̀. Ọjọ́ tí mo rà á nínú páálí létí èbúté, eré tirẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fi sí. Obìnrin kan ni. Ó dáa, mi ò ní kò dáa. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń kọrin ìfẹ́ pọ̀ nílẹ̀ lọ súà, arábìnrin. Mo ní irú wọn kún yàrá. Mo wá dín eré rẹ̀ kù, mo kàn ní kí n wò ó, gbogbo irun ara mi sì dìde. Kò sí ọkùnrin mìíràn láyé tó ní irú ohùn yẹn."

"Kò sí ọkùnrin kankan níbẹ̀!" Igbe rẹ̀ gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. "O purọ́! O mọ̀, o sì ń purọ́ fún gbogbo ayé!"

Ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Ọkùnrin yìí dàgbà tó bàbá rẹ̀, kò sì tíì sọ "o" sí àgbàlagbà rí láti ìgbà tó ti lójú. Ṣùgbọ́n ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀, kò sì ní tọrọ àforíjì.

"Ìyá mi ló kọ orin yẹn," ó ń bá a lọ. "Òpópónà mẹ́fà péré ló wà láàárín yín. Ó ń rán bọ́tìnnì lọ́wọ́ báyìí, rédíò yín sì wà níwájú rẹ̀. Gbogbo Sátidé tí ẹ fi ń sọ̀rọ̀ apẹja, ibẹ̀ ló wà, ó ń gbọ́ yín."

Ife omi dúró lọ́nà ẹnu atọ́kùn. "Ó wà láàyè?"

"Ó mu tíì láàárọ̀ yìí."

Ọkùnrin náà fi ọwọ́ wá ògiri, ó sì fara tì í. Àánú rẹ̀ kò ṣe alágbàfọ̀ rárá. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Láti inú yàrá, ẹnjiníà sọ pé orin tó wà lórí afẹ́fẹ́ ti fẹ́ parí, pé ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ló kù kí ètò kásẹ̀ nílẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?" ni atọ́kùn béèrè.

"Ẹ fi sí eré tirẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kẹ́ ẹ sì sọ ohun tí ẹ ṣe."

"Wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Kí wọ́n fi yín ṣe é dáadáa."

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu orí, ó sì ṣílẹ̀kùn fún un. Wọ́n fi aṣọ nínípọn bo ògiri yàrá náà, wọ́n sì to àwo láti ilẹ̀ dé òkè àjà. Atọ́kùn jókòó síwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó na ọwọ́ sí àga kejì, ó sì sọ ọ́. Ó sọ pé kò sí apẹja kankan. Ó sọ pé òun mọ̀. Nígbà tó dé ibi tó ti sọ pé òun mọ̀, ó wúkọ́ kó tó lè parí ọ̀rọ̀. Alágbàfọ̀ ká ọwọ́ sáyà. Inú ṣì ń bí i, ṣùgbọ́n ìbínú náà ti ń dùn lẹ́nu rẹ̀ báyìí.

Ẹnjiníà gbé àwo sí i. Ìlù ló kọ́kọ́ dé, ó yára, ara rẹ̀ yá gágá. Jìtá tẹ̀ lé e. Ohùn náà wá wọlé, ohùn ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tí kò tíì bímọ, tí kò tíì sá fún ogun, tí èéfín áyọ́ọ̀nù kò tíì mú ọ̀fun rẹ̀ gbẹ. Ó ń mí kó tó bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ orin kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń gbọ́ èémí náà. Níbì kan láàárín, ọ̀kan nínú àwọn onílù kígbe nǹkan kan, olórin náà sì rẹ́rìn-ín, kò sì dá orin dúró. Nínú ohùn fífà ti ọdún mẹ́rin, wọn kò gbọ́ ẹ̀rín yẹn rí. Atọ́kùn di ojú. Kì í ṣe ohùn tó pọ̀ nílẹ̀. Ó hàn lójú rẹ̀ pé òun náà ti mọ̀.

Orin parí. Atọ́kùn gbé bírò, ó fa ìwé kan mọ́ra, ó sì sún ẹ̀rọ gbohùngbohùn kejì sọ́dọ̀ alágbàfọ̀. Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ẹni tó fẹ́ tún nǹkan ṣe ló ṣe wò ó.

"Ẹ̀yin olùgbọ́, ọmọ olórin náà wà lọ́dọ̀ mi níhìn-ín. Arábìnrin, èdè ilé yín ni. Ẹ bá wa túmọ̀ rẹ̀. Kí ni ìyá yín ń sọ nínú orin náà?"

Alágbàfọ̀ la ẹnu.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń parí gbogbo ẹsẹ orin náà. Ó ti gbọ́ ọ rí nínú ilé. Ìyá rẹ̀ máa ń sọ ọ́ nígbà tó wà ní kékeré, tó bá ń wẹ̀ fún un, tó ń da omi lé e lórí. Ó wá ìtumọ̀ rẹ̀, ó wá a, kò rí i. Ohun tó rí ni ọjọ́ kan tó wà lọ́mọ ọdún méje, tó ń bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì. Ìyá rẹ̀ pè é láti òdìkejì títì ní èdè yẹn, ó sì ń fi orin pè é. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n délé, ó dúró sáàárín yàrá, ó sì pariwo mọ́ ìyá rẹ̀ pé kó máa sọ èyí tó yé èèyàn, kó má sì kọrin níta mọ́ láé. Igbe tó ké mọ́ atọ́kùn lónìí, irú rẹ̀ gan-an ló ké lọ́jọ́ náà. Láti ọjọ́ kejì ni ìyá rẹ̀ ti ń sọ èyí tó yé èèyàn.

"Arábìnrin?" ni atọ́kùn pè é jẹ́jẹ́.

"Mi ò gbọ́ èdè náà," ni alágbàfọ̀ wí.

Bírò dúró lórí ìwé. Lẹ́yìn gíláàsì, ẹnjiníà gbé ọwọ́ sókè pé àkókò ti tó. Alágbàfọ̀ kò rí i. Ó ti fa ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ra, ó gbàgbé atọ́kùn, ó sì gbàgbé pé gbogbo ìlú ló ń gbọ́.

"Màámi," ó wí, "ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń sọ níbẹ̀?"

Ó sì tẹ́tí, ó ń dúró kí ìyá rẹ̀ dáhùn.