Ọjọ́ Ìbí Tí Àkànbí Lọ Sọ

Ẹ bá mi bi Àkànbí ọkọ mi: kí ló ṣe é tó fi lọ sọ fún akọ̀wé ìjọba pé ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni mo bímọ?

Kọfí ni mò ń ṣà ní ilé ìtajà òyìnbó Faransé kan nítòsí wáàfù Lomé, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń kó ẹrù. Àwa obìnrin la máa ń jókòó sílẹ̀ yọ èyí tó dúdú àti èyí tó fọ́ kúrò. Àwọn ọkùnrin, Àkànbí wà lára wọn, ló ń ru àpò. Bí fèrè bá ti dún, wọ́n ti ń lọ ilé. Tiwa ò ní fèrè o. Ìgbà tí kọfí bá mọ́ la tó ń dìde. Bí oòrùn bá fẹ́ wọ̀, kó wọ̀.

Ni àṣẹ tuntun bá dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba: obìnrin tó bá bímọ kò gbọdọ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́ títí ogójì ọjọ́ yóò fi pé. Ó dára, nígbà tí mo bímọ, mo jókòó sílé. Ṣùgbọ́n àsìkò kọfí ni, obìnrin bí ogún ló ń dúró lẹ́nu géètì láràárọ̀, tí wọ́n ń wá àyè. Ẹni tí kò bá wá lọ́jọ́ tó yẹ, àyè rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Bí tèmi bá lọ, kí la ó máa jẹ? Ọkọ̀ ojú omi kì í dé lójoojúmọ́ kí Àkànbí rí àpò rù.

Lọ́jọ́ kọkànlélógójì, èmi ni mo kọ́kọ́ dé. Honoré, akọ̀wé ilé iṣẹ́ wa, gba ìwé ìbí ọmọ lọ́wọ́ mi.

"Madamu Ìdíátù, ọmọ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọjọ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ó ku mẹ́fà. Ẹ máa lọ ilé."

"Mẹ́fà kẹ̀? Mésíyé Honoré, ṣé ẹ̀yin lẹ bímọ ni àbí èmi?"

"Ohun tí ìwé sọ ni mo kà."

Mo sáré lọ bá Àkànbí níbi tó ti ń ru àpò.

"Bàbá Láwàl, ọjọ́ wo lẹ sọ fún wọn?"

"Jímọ̀ tí Àlùfáà sọ ọ́ ní Láwàl."

"Jímọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ ni mo bí i!"

"Ṣé ó lórúkọ nígbà yẹn? Ta ni ǹ bá ní ó dé?"

Háà! Ọpẹ́lọpẹ́ àpò tó wà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òun náà sì rèé o, bàbá ọmọ, kò pa iṣẹ́ jẹ lọ́jọ́ kan, ẹnikẹ́ni ò sì bi í léèrè ìwé.

Mo gba ọ̀dọ̀ Bernadette lọ, agbẹ̀bí tó gbẹ̀bí mi. Ẹkún ni mo fi wọlé. Ó ṣí ìwé ńlá rẹ̀, Jímọ̀ àkọ́kọ́ ló wà níbẹ̀ gbangba. Ó sọ ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀, ó wọ bàtà, ó ní ká máa lọ.

Ó gbé ìwé náà síwájú Honoré. "Ọwọ́ mi yìí ló gé ìwọ́ ọmọ náà. Ṣé Àkànbí wà níbẹ̀ ni?"

Honoré wo ìwé méjèèjì, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Nínú ìwé ilé iṣẹ́ wa, ó fa ìlà sórí ọjọ́ tí Àkànbí sọ, ó kọ òótọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ẹ wọlé."

Alihamudulilahi! Mo pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo àwọn tó ń ṣa kọfí fi yíjú. Àyè mi ṣì ṣófo. Mo jókòó, mo ki ọwọ́ bọ kọfí, ara mi wá fúyẹ́.

"Ẹ dúró ná," Honoré ní, "àṣẹ náà ò tíì parí. Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú ní ìsinmi ìdajì wákàtí láàárọ̀, ìdajì wákàtí lọ́sàn-án."

Nígbà tí àbúrò mi gbé ọmọ dé, mo jókòó sábẹ́ igi àgbọn lọ́sàn-án gangan, mo na ẹsẹ̀ méjèèjì. Àkànbí gbé àpò kọjá, òógùn bò ó.

"Ìdíátù! Ta ló ní kí o jókòó?"

"Ìjọba ni."

"Èmi ńkọ́?"

"Ẹ lọ bímọ tiyín."