Ẹ Jókòó, Mò Ń Bọ̀

Bí èèyàn bá fẹ́ mọ bí ọmọlúàbí ṣe ń parọ́, kó lọ bi àwọn aláṣọ Ìdúmọ̀tà bóyá ọjà tó tà fún wọn dáa. Khairiyyah bi wọ́n. Ó fi fóònù pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láti ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Marina, ó kí wọn dáadáa, ó béèrè ọmọ, ó béèrè ìyá, kó tó wá béèrè áàpù.

"Ó dáa gan-an, ọmọ mi. Ọlọ́run á máa bá yín ṣe é."

Gbogbo wọn ló wí bẹ́ẹ̀. Kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó ń lò ó mọ́!

Áàpù ọ̀hún, inú fóònù ló ń gbé. Bí ọlọ́jà bá kó ọjà wọlé, á tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Bó bá tà, áàpù á yọ ọ́ kúrò, á sì bá a ṣe rìsíìtì. Oríṣi kan ṣoṣo ni ilé iṣẹ́ wọn ṣe: òun ni wọ́n ń fún aláṣọ, òun ni wọ́n ń fún oníkẹ́míìsì. Abdulafeez ọ̀gá rẹ̀ kì í fẹ́ gbọ́ pé kí wọ́n tún un ṣe fún ẹnikẹ́ni. "Bá a bá ní ká máa ran ti kálukú bó ṣe fẹ́, a ti di télọ̀ nìyẹn." Ó wá ní bí àwọn ará Ìdúmọ̀tà ò bá padà sídìí áàpù kí oṣù tó parí, òun á ti ẹ̀ka ọjà pa. Khairiyyah nìkan sì ni ẹ̀ka ọjà. Ẹ̀rù bà á, kì í ṣe díẹ̀. Iṣẹ́ tó wá tí bàtà fi jẹ tán mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ nìyí.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ló bá gba Ìdúmọ̀tà lọ fúnra rẹ̀, ó wọ ṣọ́ọ̀bù Alhaja Sàfúrátù tó ń ta léèsì. Alhaja fún un ní àpótí, ó ra mínírà fún un, ó tún ní áàpù dáa. Khairiyyah fi ìjókòó yẹn ka gbogbo ọjà Alhaja, ó tẹ̀ wọ́n sínú áàpù pátá. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Àláásárì, Alhaja gbé kẹ́tùlù àlùwàlá. "Bá mi wo ọjà, mo fẹ́ kírun."

Ẹ wo ọmọ ọ́fíìsì tó di aláṣọ! Obìnrin kan dé, ó ní òun ń wá léèsì aláwọ̀ ewé. Khairiyyah yẹ áàpù wò, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní: "Kò sí, mà. Ẹ má bínú."

Obìnrin náà ti ń lọ kó tó sọ̀rọ̀ tán.

"Yéè!" Bùrọ̀dá Jimoh, tí ìsọ̀ tiẹ̀ kọjú sí ti Alhaja, fò dìde. "Kò sí kẹ̀? Aláwọ̀ ewé rèé nílẹ̀ lọ́dọ̀ mi! Mà, ẹ padà wá, àlejò lọmọ yìí o! Àlejò lójú, kò fi ríran!"

Obìnrin náà ò wẹ̀yìn. Jimoh wo Khairiyyah bí ẹni tó da ìkòkò ọbẹ̀ nù, ó wá là á yé e. Ní òpópó yẹn, oníbàárà tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù ẹ, tìẹ ni. Bó bá béèrè ohun tí o ò ní, wàá ní kó jókòó, wàá sáré lọ mú un ní ìsọ̀ ẹlòmíì. Wàá tà á, wàá fún ọlọ́jà ní tiẹ̀, wàá jẹ èrè tìẹ. Lọ́la, òun náà á wá mú lọ́dọ̀ ẹ.

"Àmọ́ áàpù yín á ní mi ò ní in, kò ní jẹ́ n tà á. Ṣé kí n máa bá fóònù jà lójú oníbàárà ni?"

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ nígbà tí mo pè yín?"

Ẹnu ya Jimoh. "O kí mi dáadáa. O béèrè ìyá mi. Ṣé kí n wá máa bú ọjà ẹ ni?"

Khairiyyah rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀, ó sì sáré padà sí Marina lọ ròyìn fún ọ̀gá rẹ̀. Abdulafeez ò gbà á gbọ́. Ó ní ó dáa, òun á bá a lọ lọ́jọ́ kejì, kí òun fojú ara òun rí àwọn tí ò mọ áàpù lò.

Wọ́n dé ọ̀dọ̀ Alhaja. Abdulafeez fẹ́ dán ìyá yìí wò, ló bá béèrè léèsì aláwọ̀ aró.

"Ó pọ̀! Ẹ jókòó, ọ̀gá, mò ń bọ̀." Alhaja jáde fìrì, ó dé pẹ̀lú léèsì. Wọ́n ná an títí, owó wọ̀, Abdulafeez sanwó, ó ní òun fẹ́ rìsíìtì. Alhaja tẹ fóònù, áàpù kọ̀. Ọ̀gá gbà á, ó tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, áàpù ní kò sí ọjà tó jọ bẹ́ẹ̀. Áàpù tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe! Léèsì sì rèé lórí itan rẹ̀.

"Ọ̀dọ̀ mi ló ti mú un," Jimoh ń rẹ́rìn-ín lódìkejì.

"Ṣé gbogbo yín lẹ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Títí dé ọ̀dọ̀ àwọn oníkẹ́míìsì."

Abdulafeez họrí. Ó ní bó bá jẹ́ gbogbo ọjà ni, á jẹ́ pé wọ́n á fi àyè títa ọjà aládùúgbò sínú áàpù gbogbo wọn. Ó kọjú sí Khairiyyah. "A ò ní ti ẹ̀ka ọjà pa mọ́."

Inú Khairiyyah dùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fò mọ́ Alhaja.

"Àmọ́ láti ọjọ́ Ajé, má wá sí Marina mọ́. Ibí yìí lọ́fíìsì ẹ."

Khairiyyah rántí éàkọ́n, ó wo oòrùn tó ń ta lójú ọ̀nà. Kó tó yanu, Alhaja ti ju ìdì aṣọ lé e lẹ́sẹ̀.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìyẹn."