Kékeré Ni Rédíò Pè É

Fọláwẹ̀mí ni oníròyìn tí iléeṣẹ́ rédíò kan ní Ìbàdàn fi sí Maiduguri. Bí àdó olóró bá ti dún, á sáré débẹ̀, á wo ohun tó bàjẹ́, á bi àwọn tó ṣojú wọn léèrè ọ̀rọ̀, á sì kọ ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Àmọ́ kí wọ́n tó kà á sétí aráyé, Ọ̀gá Ọlátòkunbọ̀, olóòtú ìròyìn, á ti ki ọ̀rọ̀ kan bọ̀ ọ́: kékeré. Ìkọlù kékeré. Ìbúgbàù kékeré. Lọ́jọ́ tí wọ́n sun odidi abúlé kan lọ́nà Dalori, “rògbòdìyàn kékeré kan” ni wọ́n pè é, ni wọ́n bá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù.

Ọ̀gá yìí ò kọjá Ìlọrin rí láyé ẹ̀.

“Ọmọ àwọn tó ń gbọ́ wa ń sìnrú ìlú níbẹ̀ yẹn,” ló máa ń wí lórí fóònù. “Ṣé kí n máa já wọn láyà ni? Kékeré ò pa èèyàn.”

Ọ̀kan nínú àwọn kékeré yìí ló gé ẹsẹ̀ Jàáfárù. Télọ̀ ni, Maiduguri ni wọ́n bí i sí, ará Ìsẹ́yìn làwọn òbí rẹ̀. Iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọjà Custom gan-an ni àdó olóró náà ti dún. Fọláwẹ̀mí wà lára àwọn tó gbé e, ẹ̀jẹ̀ sì rin aṣọ rẹ̀ gbingbin. Nígbà tó lọ kí i ní ọsibítù, ẹ̀rín ló bá lẹ́nu ọkùnrin náà, ẹ̀rín tí ò dùn-ún wò.

“Àǹtí mi pè mí láti Ìsẹ́yìn,” ni Jàáfárù wí. “Wọ́n ní àwọn gbọ́ lórí rédíò pé kékeré ni, kí n yáa dìde, kí n padà sídìí ẹ̀rọ mi. Wallahi, ṣé ẹsẹ̀ kékeré ni wọ́n gé lára mi ni?”

“Ẹ má bìínú, bọ̀ọ̀dá,” ni Fọláwẹ̀mí wí.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ìpàdé àwọn oníròyìn gbé Ọ̀gá fúnra rẹ̀ dé Maiduguri. Ó wọ kóòtù nínú ooru, ó ní kí Fọláwẹ̀mí mú òun yíká Custom, kóun fojú ara òun rí i. Wọ́n dé iwájú onísúyà kan ni táyà kẹ̀kẹ́ Márúwá kan bá bẹ́. Gbàù! Kí Fọláwẹ̀mí tó yíjú padà, Ọ̀gá ti wà lábẹ́ tábìlì onísúyà. Ó ń ké pe Jésù, ó ń ké pe Ànọ́bì náà mọ́ ọn, torí kò mọ èyí tí wọ́n máa ń dá lóhùn ládùúgbò yẹn.

Onísúyà bẹ̀rẹ̀, ó yọjú sí i. “Yallabai, taya ce fa.”

“Ọ̀gá, wọ́n ní táyà ni,” ni Fọláwẹ̀mí túmọ̀ fún un.

“Mo mọ̀,” ni Ọ̀gá dáhùn. Kò jáde.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, rédíò kéde pé ìbúgbàù ńlá mi ọjà Custom tìtì, àti pé orí ló kó olóòtú àwọn yọ. Ìyá Fọláwẹ̀mí fi ẹkún pè é láti Òṣogbo.

“Màámi, táyà ló bẹ́.”

“Ṣé rédíò á wá máa purọ́ ni? Àwọn tó kù tó jẹ́ kékeré, ṣé mo pè ọ́?”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Lóòótọ́, lọ́jọ́ tí wọ́n gé ẹsẹ̀ Jàáfárù, kò sẹ́nikẹ́ni láti ilé tó pe òun.

Látìgbà náà, Fọláwẹ̀mí ò kọ ìròyìn ránṣẹ́ mọ́. Ohùn ara rẹ̀ ló ń gbà sórí fóònù: ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ohun tó jóná, orúkọ ẹni tó kú. Ọ̀gá lè gé e, àmọ́ kò lè ki nǹkan kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ọ̀gá sì ń gé e lóòótọ́, tìbínú-tìbínú. Nígbà tó di ìparí ọdún, ẹgbẹ́ àwọn oníròyìn fi àmì ẹ̀yẹ dá Ọ̀gá lọ́lá, wọ́n ní akíkanjú tó dé ojú ogun ni.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, Fọláwẹ̀mí jókòó sí yàrá rẹ̀ ládùúgbò Bolori, ó ń gbọ́ ohun tó ṣẹ́ kù nínú ìròyìn rẹ̀ lórí rédíò. Kò pọ̀, àmọ́ orúkọ obìnrin méjì tó kú wà níbẹ̀ ketekete. Ìròyìn náà ò tíì parí tí ìyá rẹ̀ fi pè é.