Ẹni Tó Sá Kí Iná Tó Jó

"Yanrìn ni!"

"Iyẹ̀pẹ̀ ni, Tíṣà. Iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Èmi tí mo kó o ni mò ń sọ fún yín."

"Màmá, bó bá ti wọ inú garawa pupa, yanrìn ni."

"Ṣé bí ewúrẹ́ bá wọ mọ́tò, ó ti di dírẹ́bà nìyẹn?"

Ìdí àtẹ̀gùn ni wọ́n ti ń fà á, lásìkò ìsinmi, gbogbo wa sì ti pé lé wọn lórí bí eṣinṣin. Àǹtí mi ni obìnrin yẹn, àwọn ló ń gbálẹ̀ ilé ìwé wa. Ọkùnrin yẹn ni tíṣà eré ìdárayá, òun náà ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ iná lé lọ́wọ́. Fèrè là ń pè é, torí fèrè kì í kúrò lẹ́nu ẹ̀. Bó bá fẹ́ kí ìyàwó ẹ̀ bu omi fún un, mo rò pé fífọn ló máa ń fọn ọ́n.

"Ẹ tọ́ ọ wò nígbà náà," Àǹtí mi ní. "Ahọ́n yín á sọ fún yín."

Ká sòótọ́, ohun tó wà nínú garawa tí wọ́n fi ń paná yẹn kì í ṣe yanrìn, kì í ṣe iyẹ̀pẹ̀. Ológbò ti sọ ọ́ di ṣalángá. Àwọn tíṣà ń tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sí i. Ṣingọ́ọ̀mù tí èmi nìkan ti rì sínú ẹ̀ á tó lẹ táyà mọ́tò. Bí wọ́n bá da nǹkan yẹn lé iná lórí, iná á kú lóòótọ́, àmọ́ ìríra ló máa pa á.

Síbẹ̀, garawa kọ́ ló ń ká mi lára jù. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ni. Igi méjì tó ń fi sí abíyá ló fi ń rìn láti kékeré. Kíláàsì kan náà la wà, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. (Mo ti kọ́kọ́ lo ọdún méjì níbẹ̀ kó tó wá bá mi, mò ń dè é ni.) Fèrè ti lérí fún ọ̀gá ilé ìwé pé bí iná bá jó, gbogbo wa á jáde láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ìṣẹ́jú mẹ́ta, àbúrò mi ò tíì dé àtẹ̀gùn karùn-ún.

Kí ni Fèrè wá ń ṣe? Bí ọjọ́ ìdánrawò sísá fún iná bá ti pé, á ní kí àbúrò mi kọ́kọ́ lọ jókòó sí pápá. Á máàkì orúkọ ẹ̀ ní rẹ́jísítà pé ó ti dé. Lẹ́yìn náà ni á wá lu agogo pé iná ń jó. Nínú gbogbo ayé, àbúrò mi nìkan ló ń sá àsálà kúrò nínú iná tí wọn ò tíì dá.

Àǹtí mi ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó jẹ́ ká máa lo yàrá ìsàlẹ̀. Ó kọ̀.

"Ibẹ̀ là ń kó bọ́ọ̀lù sí."

Bọ́ọ̀lù mẹ́jọ. Mẹ́ta péré ló ní atẹ́gùn nínú.

"Bí iná gidi bá wá jó ńkọ́, Tíṣà?"

"Iná gidi náà á sọ fún wa tẹ́lẹ̀."

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, bí wọ́n ṣe ń fa yanrìn fa iyẹ̀pẹ̀ lọ́wọ́, obìnrin panápaná kan wọlé láìsọ fẹ́nì kan, aago lọ́wọ́. Ó ki ọwọ́ bọ garawa. Ó fà á yọ. Ó wo ọwọ́, ó gbóòórùn ọwọ́, ó wo Fèrè.

"Yanrìn ni, Màdáámù," Fèrè ní.

Ìsinmi parí, a gòkè padà. Ìdí wa ò tíì kan àga tán tí agogo fi bú: gbàn-ín! gbàn-ín! Obìnrin náà ló ń lù ú fúnra ẹ̀. Fèrè fọn fèrè dé ibi tí ojú ẹ̀ ti ràn, gbogbo wa sì tú jáde bí eèrà tí wọ́n dami gbígbóná sí.

Èmi náà sá. Mi ò ní purọ́ fún yín. Mo fo igi àbúrò mi kọjá bí ẹni ń fo gọ́tà. Ìgbà tí mo dé pápá ni mo tó rántí pé mo ní àbúrò. Títí dòní, bí mo bá rántí, bí ẹni pé kí n tutọ́ sí ara mi lára ni.

Fèrè ṣí rẹ́jísítà. Ọwọ́ ẹ̀ ti mọ́ ọn lára: orúkọ àbúrò mi ló kọ́kọ́ máàkì, kó tó wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Gbogbo wọn pé! Ìṣẹ́jú mẹ́ta!"

"Wọn ò pé, sà! Àbúrò mi ò sí ńbí!"

"Panu mọ́. Mo ti máàkì ẹ̀."

Ibẹ̀ la ti gbọ́ tí wọ́n ń gbá ilẹ̀kùn ìdí àtẹ̀gùn. Fèrè ló jáde kẹ́yìn, ó sì ti tì í pa, kí iná má baà tẹ̀ lé wa. Àǹtí mi já kọ́kọ́rọ́ gbà lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n sáré lọ ṣílẹ̀kùn.

Àbúrò mi ló jókòó sílẹ̀ yẹn. Ó ti fìdí wọ́ àtẹ̀gùn méjìlélógún, lọ́kọ̀ọ̀kan, àtẹ̀gùn tí gbogbo wa ń tutọ́ sí, tí à ń nu imú sí lára. Àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ dúdú, ó ń yọ̀ bí ilá. Ó wo Àǹtí, ó wá wo èmi.

"Bọ̀dá mi, ẹ kú eré o. Ṣé iná ò jó yín?"

Mi ò mọ ibi tí mo lè fojú sí.

Obìnrin panápaná tẹ aago ẹ̀. "Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá."

"Mẹ́ta ni, Màdáámù," Fèrè ní. "Àwọn tó sá là ń kà."

"Ẹni tí ò lè sá ńkọ́?"

"Kò sá, torí náà kò sí nínú ẹ̀."

Àǹtí mi fẹ́ bú u, ẹkún gbà á lọ́wọ́ wọn.

"Lọ́la, ìsàlẹ̀ ni kíláàsì yìí máa wà," obìnrin náà ní. "Èmi náà á wá wò ó. Ẹ kó bọ́ọ̀lù yín lọ sókè. Bí iná bá jó, àwọn fúnra wọn á yí wálẹ̀."

Fèrè pa rẹ́jísítà dé, ó fi há abíyá, ó gbé àyà síwájú, ó kọjú sí ọ́fíìsì ọ̀gá.

"Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni!" ló ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá pàdé. "Ẹ lọ bi wọ́n! Ìgbà tí mo ti tilẹ̀kùn yẹn, ṣé ẹnì kan tún jáde?"