Àwọn Kínéèsì Inú Ewé Ata Mi

Ẹ jókòó, kí n rọ́ àlá tí mo lá lóru àná fún yín, nítorí inú ṣì ń bí mi. Mo ṣàdédé bá ara mi nínú ewé. Ata rodo ẹ̀yìnkùlé mi ni. Ọ̀dá ti dá, gbogbo ilẹ̀kùn wẹ́wẹ́ ara ewé sì ṣí sílẹ̀ gbayawu, omi ń gba ibẹ̀ lọ sójú ọ̀run. Bí wọn ò bá tì wọ́n, ata mi kú nìyẹn.

Gbòǹgbò ké sí mi láti ìsàlẹ̀ pé, "Tíṣà, mo ti ránṣẹ́ sókè tipẹ́ pé ilẹ̀ ti gbẹ o! Ẹ lọ bá àwọn Kínéèsì."

Kínéèsì, àwọn purotéènì tí mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ nípa wọn ní kíláàsì! Ọ́fíìsì wọn ń léfòó lórí omi. Mo lúwẹ̀ẹ́ débẹ̀ tèmi ti bàtà.

Mo sọ fún Kínéèsì tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti ilẹ̀kùn."

Ó ní, "Èmi kọ́ ni mò ń tì í. Tèmi ni kí n lẹ fósífétì, èròjà tí a fi ń jí ara wa, mọ́ ẹni tí yóò tì í lórí, kí ojú rẹ̀ lè là."

"Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn nígbà náà!"

"Ta ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ èmi? Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn mí lórí."

Mo lọ bá ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ló sọ. Ọ̀gá àgbà pátápátá ń sùn ní tiẹ̀. Fósífétì jókòó sórí tábìlì, ó ń pariwo pé, "Ẹ lẹ̀ mí mọ́ ẹnì kan o!" Wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Irú ìwà wo nìyẹn? A ní kí wọ́n wá pa iná, wọ́n ń bèèrè ẹni tó rán wọn! Orí gbogbo wọn ń dán, àmọ́ orí burúkú kì í wú tuulu.

Mo fi ìbínú gbé fósífétì, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀gá àgbà lórí pẹ́ẹ́. Ojú rẹ̀ là. Ó fọwọ́ kan ìkejì lórí, ìkejì fọwọ́ kan ìkẹta. Inú mi ti ń dùn, àfi bí gbogbo wọn ṣe di ewúrẹ́. Ìyẹn ò yà mí lẹ́nu. Ohun tó dùn mí ni pé ògiri ọ́fíìsì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, bẹ́ẹ̀ ewé ata mi ni ògiri náà.

Mo pariwo, "Ilẹ̀kùn ńkọ́?"

"Mẹ̀ẹ́ẹ̀. Ẹ padà wá lọ́la."

Ni ẹnì kan bá fọwọ́ kàn mí lórí, mo lajú. Ìyàwó mi ni.

"Bàbá Mojírádé, ewúrẹ́ ń jẹ ata yín lẹ́yìnkùlé! Ṣebí ẹ̀yin lẹ wọlé kẹ́yìn lánàá, kí ló dé tí ẹ ò ti géètì?"

Ẹnu mi ló yá jù mí lọ. "Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn mí lórí."

Ó ní, "Ó dáa, mo ti fọwọ́ kàn yín báyìí."

Mo sáré jáde, mo ti géètì gbọn-in gbọn-in. Ìgbà tí mo yíjú padà ni mo rí i pé inú ni ewúrẹ́ wà.