Ẹni Tó Gbé Dó Relé

Sàkáríyà kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Mẹkáníìkì ni ní Kubwa, ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀, bó bá sì pe èèyàn lórí fóònù, ohun tó fẹ́ sọ gan-an ló máa ń sọ. Ọ̀sán Sátidé ló pe Tiwátọ́pẹ́, tí wọ́n jọ ṣe sẹ́kọ́ńdìrì.

"Tọ́pẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Babalọlá, tíṣà músíìkì wa, rọpárọsẹ̀ ti kọ lù wọ́n. Wọn ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Sístà Rosemary, ọmọ wọn, fẹ́ gbé wọn lọ sí Kàbbà láàárọ̀ Mọ́ńdè. Tó o bá fẹ́ fojú kàn wọ́n, ọ̀la ni o. Kai, bàbá ti rù!"

Tiwátọ́pẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó sì jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Gbólóhùn kan wà tó yẹ kó ti sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Babalọlá láti ọdún mẹ́rìnlélógún sẹ́yìn, gbólóhùn náà kò sì gùn rárá. Láti ìgbà náà, ó ti ṣe ìdánwò ìgbéga lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní mínísírì tó ti ń ṣiṣẹ́, ó ti bá ọ̀gá jiyàn lójú gbogbo èèyàn, ó ti bímọ méjì. Gbólóhùn kan yìí ni kò rí sọ. Tí ọkọ̀ bá fi lè gbé bàbá lọ láàárọ̀ Mọ́ńdè, ó mọ̀ pé òun kò ní rí i sọ mọ́ láé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú tíṣà tí ọkùnrin náà jẹ́. Ilé-ìwé ìjọba tí wọ́n lọ ní Kubwa kò ní dùùrù, kò ní kíbọ́ọ̀dù. Pátákó dúdú ló wà níbẹ̀, àti ṣọ́ọ̀kì, àti irin kékeré ẹlẹ́sẹ̀ méjì kan tí kì í kúrò nínú àpò ṣòkòtò Ọ̀gbẹ́ni Babalọlá. Bó bá lù ú mọ́ orúnkún, irin náà á dún, ohùn yẹn sì ni dó, àkọ́kọ́ nínú dó-re-mí. Bí kíláàsì bá ti fẹ́ parí, á lù ú, gbogbo wọn á kọ dó. Òun náà á wá na ọwọ́ sókè, á dì í bí ẹni mú eṣinṣin, á lọ tú u sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ kan. "Gbé e relé," ni yóò wí. "Mú un bọ̀ fún mi lọ́la."

Ọmọ tó bá gbé dó relé kò gbọ́dọ̀ kọ orin kankan títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kò sì gbọ́dọ̀ gbọ́ rédíò. Ìyá kan tilẹ̀ wá sí ilé-ìwé wá bèèrè ohun tí wọ́n ṣe fún ọmọ òun tó ń fi orí lásán dá òun lóhùn. Láàárọ̀, ọmọ náà á dìde, á kọ dó tó gbé sùn. Bó bá lọ sílẹ̀ jù, Ọ̀gbẹ́ni Babalọlá á gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè díẹ̀. Bó bá ga jù, á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bó bá bọ́ sí i, á di ọwọ́ pinpin, kíláàsì á sì pàtẹ́wọ́. Kì í na ẹnikẹ́ni. Ẹni tí dó bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ á kàn sọ pé, "Ó sọnù, sà." Tíṣà á ní, "Kò burú, a ó wá a," á sì lu irin.

Títí dòní, bí Sàkáríyà bá fetí sí ẹ́ńjìnnì, á ti mọ ohun tó ń ṣe é kó tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Àwọn oníbàárà rò pé ẹ̀bùn ni.

Nígbà tí Tiwátọ́pẹ́ wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá, wọ́n lọ bá àwọn ilé-ìwé mìíràn díje orin láàárín ìlú. Òun ni wọ́n gbé dó fún. Ó gbé e sùn, ó gbé e jí. Inú bọ́ọ̀sì ni nǹkan ti bàjẹ́. Dírẹ́bà tan rédíò, orin tó gbòde nígbà náà bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn gbà á, Tiwátọ́pẹ́ náà sì bá wọn gbà á. Kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀, dó ti lọ.

Ó yẹ kó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n aṣọ rẹ̀ funfun báláú, ìyá rẹ̀ jókòó sí ìlà kejì, ojú sì tì í. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Babalọlá nawọ́ sí i pé kó mú dó wá, ó kàn hùmọ̀ ọ̀kan. Ó ga jù. Ó rí i lójú tíṣà pé tíṣà mọ̀. Ó rí ọwọ́ rẹ̀ tó wọ àpò lọ bá irin, tó dúró níbẹ̀ díẹ̀, tó sì jáde lófìfo. Bí irin yẹn bá dún, gbogbo gbọ̀ngán ni yóò mọ̀ pé Tiwátọ́pẹ́ ti purọ́. Kò lù ú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọrin náà, nígbà tí wọ́n sì dé ibi tó ga jù lọ, ohùn àwọn ọmọbìnrin já. Àwọn kan ń ké, àwọn kan dákẹ́, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín.

Inú bí ọ̀gá ilé-ìwé. Ó bèèrè lójú gbogbo wọn pé ta ló fún wọn ní irú ohùn bẹ́ẹ̀.

"Èmi ni, sà," ni Ọ̀gbẹ́ni Babalọlá dáhùn.

Tiwátọ́pẹ́ kò jìnnà sí wọn. Bàtà rẹ̀ ló ń wò. Nígbà tí sáà mìíràn wọlé, wọ́n ti yọ músíìkì kúrò nínú táìmùtébù, wọ́n sì ti gbé Ọ̀gbẹ́ni Babalọlá lọ sí ilé-ìwé kan ní Nyanya, kó máa kọ́ wọn ní iṣẹ́ àgbẹ̀. Iṣẹ́ àgbẹ̀! Ọkùnrin tí kò gbin ewébẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ Àìkú, bí wọ́n ṣe jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, Tiwátọ́pẹ́ wọ bọ́ọ̀sì láti Kubwa lọ sí Nyanya. Ó bá Sístà Rosemary níbi tó ti ń di ẹrù.

"Ẹ káàsán, mà. Ẹ kú ìtọ́jú sà."

"O ṣé, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n wọn ò mọ ẹnikẹ́ni mọ́ o. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá kọrin fún wọn lánàá, àjà ni wọ́n ń wò. Èmi gan-an, mi ò mọ̀ bóyá wọ́n mọ̀ mí."

Wọ́n ti fi ìrọ̀rí gbé bàbá ró. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti kú, ti òsì wà lórí aṣọ ìbora. Tiwátọ́pẹ́ kúnlẹ̀ síbi tí ojú rẹ̀ yóò ti rí i.

"Sà, èmi Tiwátọ́pẹ́ ni. Lọ́jọ́ ìdíje yẹn." Ó súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì sí i. "Ó sọnù, sà. Inú bọ́ọ̀sì ló ti sọnù, mi ò sì sọ. Ẹ dárí jì mí."

Bàbá ń wo àjà. Fáànù ń yí.

"Mo ṣáà ti sọ fún ẹ," ni Sístà Rosemary wí jẹ́jẹ́.

Tiwátọ́pẹ́ kò mọ ohun tó tún lè ṣe. Ó nu imú, ó la ẹnu, ó sì kọ dó. Bó ṣe bá a lẹ́nu ló ṣe kọ ọ́. Ọwọ́ òsì bàbá kúrò lórí aṣọ ìbora, ó dojú dé, ó sì rẹlẹ̀ díẹ̀. Tiwátọ́pẹ́ rò pé ó kàn gbọ̀n ni. Ó tún kọ ọ́, ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ náà yí sókè. Ó gbé e sókè bíńtín, ó sì dá a dúró síbẹ̀. Ìka bàbá kákò lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ọwọ́ náà fi dì.

Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ Sístà Rosemary. Ó lọ síbi ìṣó tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ kọ́, ó mú irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì náà láàárín àwọn kọ́kọ́rọ́ wá, ó lù ú mọ́ orúnkún bó ṣe máa ń rí bàbá rẹ̀ tó ń ṣe é nígbà tó wà lọ́mọdé. Ohùn kan náà ni, kò yẹ̀ rárá. Sístà Rosemary bú sẹ́kún. Ó ti ń fi oṣù mẹ́ta yí bàbá rẹ̀ padà bí ẹni ń yí ẹrù, àṣé bàbá wà níbẹ̀, ó ń gbọ́.

Bàbá na ọwọ́ tó dì náà. Ó pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ Tiwátọ́pẹ́. Ó tú u sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Dírẹ́bà tó gbé Tiwátọ́pẹ́ padà fẹ́ràn rédíò. Tiwátọ́pẹ́ fi ìka di etí méjèèjì láti Nyanya dé Kubwa, àwọn èrò sì ń wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Nígbà tí wọ́n ń gbàdúrà ìrọ̀lẹ́ nílé, kò bá wọn kọrin. Olúwadémiládé, ọmọ rẹ̀ àgbà, bèèrè pé, "Mummy, kí ló dé, you're not singing?" Ó mi orí fún un.

Aago mẹ́fà àárọ̀ Mọ́ńdè ni Tiwátọ́pẹ́ pe Sístà Rosemary.

"Ọkọ̀ ti dé, Tọ́pẹ́. A ti gbé wọn sínú rẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fi fóònù sí wọn létí."

Tiwátọ́pẹ́ nàró ní àárín pálọ̀, ó sì kọ dó lẹ́ẹ̀kan péré. Kò gbọ́ nǹkan kan, àfi ẹ́ńjìnnì ọkọ̀.

"Sístà Rosemary?"

"Mo wà ńbí. Wọ́n ti di ọwọ́ wọn, Tọ́pẹ́. Wọ́n dì í pinpin."