Ilé Tí Wọ́n Ti Ń Ṣe Ẹsẹ̀

Ẹsẹ̀ ló kún ara ògiri náà láti òkè dé ilẹ̀. Ẹsẹ̀ gígùn, ẹsẹ̀ kúkúrú, ẹsẹ̀ ọmọdé tí kò gùn ju apá àgbà lọ, gbogbo wọn so rọ̀ lórí ìṣó bí èrò tó ń retí kí wọ́n pe orúkọ wọn. Dókítà Kékeré dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára kẹ̀kẹ́ aláìsàn tó ń tì bọ̀. Ó la ẹnu, ẹnu náà kọ̀, kò pa dé.

"Ọmọ mi, tì mí wọlé jàre," ni obìnrin tó jókòó sínú kẹ̀kẹ́ wí. "Àbí ẹ̀rù ń bà ọ́ ni? Kò sí èyí tó máa ta ọ́ nípàá nínú wọn."

Oníbúrẹ́dì ni obìnrin náà. Ìjàǹbá ọkọ̀ ló gba ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ lábẹ́ orúnkún lọ́dún tó kọjá, ṣùgbọ́n kò rí ẹnu rẹ̀ gbà. Láti wọ́ọ̀dù títí dé ilé ẹ̀yìn yìí ló ti ń fi gbogbo ẹni tí wọ́n bá pàdé ṣe yẹ̀yẹ́.

Kì í ṣe ibí ló yẹ kí Dókítà Kékeré wà. Àǹtí rẹ̀, àbúrò bàbá rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì nílé ìwòsàn náà, ti bá a bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kó jókòó sí yàrá dókítà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kó fi ojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ tó fẹ́ lọ kọ́ ní yunifásítì. Ó ti parí ilé-ẹ̀kọ́ girama. Èsì ìdánwò rẹ̀ dára débi pé bàbá rẹ̀, tó ń ṣe bàtà, máa ń kọ́kọ́ ròyìn rẹ̀ fún oníbàárà kó tó gba bàtà lọ́wọ́ wọn. Lọ́la ni olùkọ́ wọn fẹ́ gbọ́ ohun tí kálukú máa lọ kọ́. Nínú ilé tiwọn, kò sí ẹni tó rò pé ó yẹ kí wọ́n bi í.

Àtìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin ni wọ́n ti yàn án. Bàbá rẹ̀ fi abẹ́rẹ́ bàtà gún ara rẹ̀ níka lọ́jọ́ kan, ọmọ náà sá lọ mú àkísà, ó fi di ìka náà, ó sì pàṣẹ fún bàbá pé kó lọ sùn. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò pe orúkọ rẹ̀ gan-an mọ́ nílé. Oyè náà ti mọ́ ọn lára débi pé nígbà tí ẹnì kan ké "Dókítà!" ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn láàárọ̀, òun ló dáhùn, dókítà gidi sì ń wò ó tẹ̀ríntẹ̀rín.

Èèyàn dáadáa ni dókítà gidi náà. Ó ṣàlàyé gbogbo nǹkan, ó tiẹ̀ jẹ́ kó fi ohun èlò sétí kó lè gbọ́ bí ọkàn aláìsàn ṣe ń lù. Ṣùgbọ́n bí aláìsàn bá ti jáde, etí Dókítà Kékeré á tẹ̀ lé e lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Eléyìí ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún. Tọ̀hún ń fi gìgísẹ̀ gbá ilẹ̀. Eré tí òun àti bàbá rẹ̀ máa ń ṣe nìyẹn. Nínú ṣọ́ọ̀bù, bàbá kì í gbójú sókè. Á gbọ́ ìrìn oníbàárà láti ìta, á ní, "Gìgísẹ̀ ọ̀tún ti jẹ tán," ọmọ rẹ̀ á sì sáré lọ wo bàtà náà bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń jẹ́. Ojú tì í pé irú nǹkan yìí ló ń wá sọ́kàn òun nínú yàrá dókítà, nítorí náà, nígbà tí àǹtí yọjú pé kó bá òun ti oníbúrẹ́dì lọ sí ilé ẹ̀yìn, kíá ló dìde.

Ó tì í wọlé. Òórùn gọ́ọ̀mù kọ lù ú nímú, òórùn ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ gan-an, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Obìnrin kan dìde nídìí tábìlì, apá rẹ̀ méjèèjì funfun báláú fún ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe àwòṣe ẹsẹ̀. Ọ̀gá Ẹlẹ́sẹ̀ ni gbogbo ilé ìwòsàn ń pè é.

Ọ̀gá Ẹlẹ́sẹ̀ kúnlẹ̀. Ó fi ọwọ́ yí orúnkún oníbúrẹ́dì ká, ó dijú, ó rọra ń fi ìka wá ibi tó lè máa dùn ún. Ó wọ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn fún un, ó ti ẹsẹ̀ tuntun bọ̀ ọ́, ó sì gbé e dìde sáàárín irin gbọọrọ méjì tí wọ́n máa ń dì mú.

"Ẹ bá mi sọ fún ẹsẹ̀ yìí kó má sá lọ fi mí sílẹ̀ o," ni oníbúrẹ́dì wí. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti yí padà, ó sì rọ̀ mọ́ irin náà.

Ó gbé ẹsẹ̀ kan. Ó gbé èkejì.

Dókítà Kékeré gbàgbé láti mí. Obìnrin tí òun tì wọlé, tí orí rẹ̀ kò ga ju àyà òun lọ, ti dìde dúró, ó tiẹ̀ ga ju òun lọ, ó ń rìn lórí ohun tí ẹlòmíràn fi ọwọ́ ṣe. Irun ara rẹ̀ dìde. "Olúwa o," ló wí, kò sì mọ̀ pé òun ló sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà ni etí rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹsẹ̀ gidi ń wúwo, ó ń pẹ́ nílẹ̀. Ẹsẹ̀ tuntun fúyẹ́, kò tíì balẹ̀ dáadáa tó ti gbéra.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹsẹ̀ tuntun yẹn kúrú díẹ̀. Bí ẹ bá fi awọ kún àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó máa dọ́gba."

Ọ̀gá Ẹlẹ́sẹ̀ yíjú sí i. "Ta ló sọ fún ọ?"

"Mo gbọ́ ọ ni, mà. Bàbá mi ń ṣe bàtà."

"O gbọ́ ọ." Obìnrin náà wò ó títí. "Wá. Gbé ọwọ́ lé ìgbáròkó wọn, lọ́tùn-ún àti lósì. Èwo ló ga jù?"

Ó gbé ọwọ́ lé e. Kò sí èyí tó ga jù. Ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì.

"Etí rẹ dáa, ohun tó wà níbẹ̀ lo gbọ́," ni Ọ̀gá Ẹlẹ́sẹ̀ wí. "Tó bá jẹ́ bàtà ni, wàá fi awọ kún un. Tí mo bá fi kún eléyìí, ẹ̀yìn á máa dùn wọ́n kó tó pẹ́. Ẹsẹ̀ ò kúrú. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n láti gbára lé e. Má wo ẹsẹ̀. Ojú wọn ni kó o máa wò."

Dókítà Kékeré gbójú sókè. Òótọ́ ni. Gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ tuntun bá fẹ́ kan ilẹ̀ ni oníbúrẹ́dì ń fún ojú pọ̀ bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ fún lábẹ́rẹ́. Gbogbo yẹ̀yẹ́ àtàárọ̀, ẹ̀rù ni.

Kò sí ẹni tó rán an. Ó lọ dúró sí ìparí irin náà. "Ẹ máa bọ̀, mà. Èmi rèé. Èmi ni kí ẹ máa wò."

Oníbúrẹ́dì wò ó. Ó ń bọ̀. Díẹ̀díẹ̀, ìró ẹsẹ̀ méjèèjì ń bá ara wọn mu. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó dì mọ́ ọn lọ́rùn, ó bú sẹ́kún, Dókítà Kékeré náà sì ń sunkún láìmọ ohun tó ń pa á lẹ́kún.

"Níbo lẹ ti kọ́ ọ, mà?" ló bi Ọ̀gá Ẹlẹ́sẹ̀ nígbà tó yá.

"Kọ́lẹ́ẹ̀jì, fún odidi ọdún mẹ́rin. Egungun, iṣan, irin, ike, kò sí ohun tí wọn ò ní kọ́ ọ." Ó rẹ́rìn-ín. "Àwọn ará ilé mi ṣì rò pé káfíńtà ni mí."

Gbogbo ọ̀nà ilé ni Dókítà Kékeré fi ń ronú bí òun ṣe máa sọ ọ́ fún bàbá tó ti ròyìn dókítà fún gbogbo àdúgbò. Kò tíì yọ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tí bàbá fi sọ̀rọ̀, tòun ti orí tó tẹ̀ sórí bàtà.

"Dókítà, kí ló dé? Ìrìn rẹ yàtọ̀ lónìí."

Ó jókòó sórí àpótí, ó sọ gbogbo rẹ̀: ògiri ẹlẹ́sẹ̀, oníbúrẹ́dì, kọ́lẹ́ẹ̀jì. Nígbà tó sọ pé iṣẹ́ náà ni òun fẹ́ lọ kọ́, abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ bàbá.

"Ẹsẹ̀," ni bàbá wí. "Láti kékeré ni mo ti ń wo ẹsẹ̀ èèyàn. Ẹni tó ti ń gbé bàtà wá fún mi kí wọ́n tó bí ọ wà, tí mi ò lè dá mọ̀ tí mo bá pàdé ẹ̀ ní títì. Mo fẹ́ kí ìwọ máa wo ojú wọn. Ohun tí mo fi ń pè ọ́ ní Dókítà nìyẹn."

Dókítà Kékeré kò gbọ́ èyí rí. Iyì ló ti rò pé bàbá ń wá ní gbogbo ọdún wọ̀nyí.

"Ojú la máa ń wò níbẹ̀, Bàbá," ló sọ jẹ́jẹ́. "Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ mi nìyẹn."

Ẹnì kan ń bọ̀ lóde, bàtà rẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ nílẹ̀, àwọn méjèèjì ló gbọ́ ọ. Dókítà Kékeré ń retí pé kí bàbá sọ ohun tó bàjẹ́ lára bàtà náà, bí ìṣe wọn. Bàbá fi abẹ́rẹ́ lélẹ̀. Ó gbé orí sókè, ó sì wo ojú oníbàárà tó ń wọlé.

"Ẹ káàbọ̀," ló wí. "Ó rẹ̀ yín lónìí o. Ẹ kọ́kọ́ jókòó ná."